Ẹ̀yìn Ìlà Ni Ti Fèrè Ńlá

Ọdún tí ìjọ wa ṣòfin pé òbí kankan kò gbọdọ̀ rìn láàárín àwọn onífèrè mọ́ ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ fèrè. Ẹni ọdún mẹ́tàlélógójì ni mí nígbà náà. Iṣẹ́ táìlì ni mo ń ṣe, n kò sì tíì fi ẹnu kan ohun èlò orin kankan rí.

Ṣọ́ọ̀ṣì wa wà nínú àdúgbò kan lójú ọ̀nà Addo. Lọ́dọọdún, ní ọjọ́ àjọ̀dún ìjọ, àwọn onífèrè máa ń ṣíwájú, àwọn ọmọ ìjọ á tẹ̀lé wọn, a ó rìn láti ẹnu géètì ṣọ́ọ̀ṣì dé ráúńdàbáòtì Ajah, a ó yà, a ó gba etí títì márosẹ̀ dé ibùdókọ̀ tó tẹ̀lé e, ibẹ̀ la ó ti yí padà. Ìgbà náà, ráúńdàbáòtì yẹn ṣì wà, wọn kò tíì gbé afárá gba orí rẹ̀. Ọmọdé ló pọ̀ jù nínú àwọn onífèrè. Ní ọdún tó ṣáájú òfin yẹn, àwa òbí la ba ìwọ́de náà jẹ́. Ìyá kan gbé agboòrùn sórí ọmọ rẹ̀ tó ń lu ìlù. Òmíràn ń ki omi inú ọ̀rá bọ tirẹ̀ lẹ́nu láàárín orin. Èmi ní tèmi di ìgbànú ọmọ mi mú láti ẹ̀yìn, n kò sì jáwọ́ títí a fi padà dé ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ń fọn kọ̀nẹ́ẹ̀tì, fèrè kékeré, mo sì ń dì í mú bí ẹni tó ń fa ewúrẹ́ bọ̀ láti ọjà. Ọmọ ọdún méjìlá ni.

Ní ọjọ́ Ìsinmi kan lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, nígbà tí a fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ìmúra fún ti ọdún tuntun, ọ̀gá ẹgbẹ́ onífèrè dìde láàárín ìjọ. Sájẹ́ńtì ni gbogbo wa ń pè é, nítorí ó ti fọn fèrè fún àwọn ọlọ́pàá fún ọdún méjìlélọ́gbọ̀n kó tó fẹ̀yìn tì. Kì í pariwo. Bó bá fẹ́ bínú, ohùn rẹ̀ ló máa ń rẹlẹ̀ sí i.

“Ẹ̀yin òbí, mo kí yín o,” ló wí. “Ìwọ́de ni mo pè, ẹ̀yin wá ń sin ìyàwó. Láti òní lọ, ẹni tí kò bá fọn, tí kò bá lù, kò gbọdọ̀ wọ inú ìlà. Bó jẹ́ pásítọ̀ gan-an.”

Pásítọ̀ ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Èmi kò rẹ́rìn-ín.

Mo ní láti sọ ìdí rẹ̀. Ọmọ kan ṣoṣo la bí, ọdún mẹ́jọ la sì fi wá a. Láràárọ̀ ni mò ń sọdá títì márosẹ̀ náà lọ síbi iṣẹ́ ní Lakowe. Mo mọ bí tírélà ṣe máa ń bọ̀ láti ọ̀nà Ẹ̀pẹ́ bí ilẹ̀ bá mọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo rí bàtà ọmọdé ẹyọ kan ní àárín títì, n kò mọ ẹni tó ni ín, n kò sì béèrè. N kò sọ fún ìyàwó mi. Láti ọjọ́ yẹn, bí èmi àti ọmọ mi bá fẹ́ sọdá, ọrùn ọwọ́ rẹ̀ ni mo máa ń dì mú, kì í ṣe ìka, nítorí ìka máa ń yọ̀.

Ohun tó kù láti ṣe kò ju méjì lọ. Mo lè yọ ọmọ náà kúrò nínú ẹgbẹ́, ó sì fẹ́ràn kọ̀nẹ́ẹ̀tì yẹn débi pé abẹ́ ìrọ̀rí ló máa ń gbé e sí. Tàbí kí èmi náà di onífèrè. Bí ìsìn ṣe parí, mo lọ bá Sájẹ́ńtì nínú yàrá tí wọ́n ń kó fèrè sí.

“Ẹ jọ̀ọ́ sà, èwo ló ṣẹ́ kù tí kò lẹ́ni tó ń fọn ọ́n?”

Ó fi àgbọ̀n júwe igun yàrá. Ohun tó wà níbẹ̀ ni súsáfóònù, fèrè tó tóbi jù nínú gbogbo wọn, tí àwọn ọmọdé ń pè ní Erin. Ẹni tó ń fọn ọ́n ti rí iṣẹ́ sí Ìbàdàn. Páìpù idẹ ni wọ́n ká bí òrùka ńlá. Èèyàn á wọ inú òrùka náà, á gbé e kọ́ èjìká òsì, ẹnu fèrè á wá là sókè orí rẹ̀. Mo fi tépù wọn ẹnu náà: ínǹṣì mẹ́rìnlélógún. Lẹ́yìn náà mo yá òṣùwọ̀n lọ́wọ́ àwọn tó ń ra irin àlòkù, mo gbé e kọ́: kílò mẹ́tàlá, ìdá kan nínú mẹ́rin àpò sìmẹ́ńtì, ó lé díẹ̀. Mo ti gbé ju ìyẹn lọ gun àtẹ̀gùn.

“Ọmọ ọdún mélòó ni ọ́?” Sájẹ́ńtì bi mí.

“Mẹ́tàlélógójì, sà.”

“Ya ẹnu.” Ó bẹ̀rẹ̀, ó yọjú wo eyín mi bí ẹni tó fẹ́ ra ẹṣin. “Ó pé. Wá ní Ọjọ́rú.”

Mo rò pé Ọjọ́rú náà ni n ó gbé Erin kọ́ èjìká. Rárá o. Ìdí ẹnu rẹ̀, ibi tí a ń fi ètè sí, nìkan ló yọ fún mi, ohun kékeré bí ife tí a fi ń jẹ ẹyin, ó ní kí n máa gbé e kiri, kí n máa gbọn ètè sí i, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. “Kì í ṣe afẹ́fẹ́ ló ń dún,” ló sọ, “ètè ni. Afẹ́fẹ́ kàn ń jí ètè ni.” Mo kọ ọ́ sínú ìwé tí mo fi ń kọ ìwọ̀n yàrá àwọn oníbàárà sílẹ̀.

Nítorí náà, ilé ńlá kan tí wọ́n ń kọ́ ní Lakowe ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Bí a bá dúró jẹun ọ̀sán, mo máa ń lọ sí yàrá ìwẹ̀ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lẹ táìlì sí, mo máa kọjú sí ògiri, mo máa gbọn ètè. Ìró rẹ̀ le. Àwọn lébìrà tó ń po sìmẹ́ńtì nísàlẹ̀ gbọ́ ọ. Ọ̀kan nínú wọn, ọmọ Ìsẹ́yìn kan tí kì í pa ẹnu dé, gòkè wá, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà.

“Ọ̀gá Táìlì, ẹ jọ̀ọ́, tó bá jẹ́ oyin lẹ gbé mì, ẹ sọ fún wa ká tètè sá.”

“Fèrè ni mò ń kọ́.”

“Níbo ni fèrè ọ̀hún wà?”

Mo fi ohun tó wà lọ́wọ́ mi hàn án. Ó wò ó, ó wò mí, ó kígbe sí àwọn tó kù nísàlẹ̀: “Ẹ má dá a lóhùn o! Ìdérí kẹ́ẹ̀gì ni ọ̀gá ń fọn!”

Mo fara dà á. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹrin, ètè mi kì í kú tipiri mọ́. Ní ọ̀sẹ̀ keje, Sájẹ́ńtì gbé Erin kọ́ mi léjìká, ó ní kí n fọn. Ohùn tó jáde dà bí ìgbà tí wọ́n bá wọ́ bẹ́ǹṣì lórí ilẹ̀ sìmẹ́ńtì. Àwọn ọmọdé yẹn rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Ọmọ mi náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n Sájẹ́ńtì jókòó síwájú mi, ó pa ojú dé, ó ní, “Tún un ṣe.” Mo tún un ṣe. “Tún un ṣe.” Mo kà á: ìgbà mẹ́tàlélógún ló sọ ọ́ lọ́jọ́ yẹn, ohùn rẹ̀ kò sì yí padà lẹ́ẹ̀kan. Èmi tí mo ti lé ọmọ iṣẹ́ méjì lọ nítorí pé wọn kò lè mú okùn dúró gbọọrọ, ojú tì mí. Mo ti rí ọ̀pọ̀ ọ̀gá, ṣùgbọ́n n kò tíì rí ẹni tó lè gbọ́ àṣìṣe kan náà ní ìgbà mẹ́tàlélógún bí ẹni pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbọ́ ọ ni.

Ọmọ mi ló kọ́ mi ní àmì orin nílé. Tábìlì ìjẹun la máa ń jókòó sí, ó máa ń fi pẹ́ńsù tọ́ka. Ọmọ tí mo kọ́ ní A, B, D, òun ló wá ń lu pẹ́ńsù mọ́ tábìlì fún mi.

“Dádì, ẹ tún ti ṣáájú. Dákẹ́ méjì ló wà níbẹ̀.”

“Mo dákẹ́.”

“Ẹ dákẹ́ ẹyọ kan. Ẹ kà á sókè kí n gbọ́.”

Ìyàwó mi máa ń gbọ́ wa láti ìdí sítóòfù. “Jọ̀ọ́, má nà án o,” ló máa ń sọ fún ọmọ náà. “Bàbá ẹ lẹ́rù ń bà.”

N kò sọ fún wọn pé ẹ̀rù ń bà mí lóòótọ́. Àmọ́ ohun kan dùn mọ́ mi nínú iṣẹ́ náà ju bí mo ṣe rò lọ. Fèrè ńlá kì í kọ orin. Àwọn kọ̀nẹ́ẹ̀tì ló ń kọ orin. Erin kàn ń sọ dò, ó ń dákẹ́, ó ń sọ sọ̀, ó ń dákẹ́. Nínú gbogbo orin ìwọ́de náà, ohùn méje péré ni mo ní. Ṣùgbọ́n bí mo bá gbé ọ̀kan sí ibi tó yẹ, gbogbo ohun tó wà lókè á tò. Mo mọ irú iṣẹ́ yẹn. Kò sẹ́ni tó ń wọ ilé tó ń yin àtè tó wà lábẹ́ táìlì.

Báyìí ni oṣù mẹ́jọ ṣe lọ. Inú yàrá la ti ń kọ́ ọ. Sájẹ́ńtì máa ń to àga ní àbọ̀ òṣùpá, àga mi sì wà lẹ́yìn àwọn kọ̀nẹ́ẹ̀tì gan-an, débi pé orúnkún mi máa ń kan ẹ̀yìn àga ọmọ mi. Nítorí ìyẹn, n kò béèrè ohun tó yẹ kí n béèrè lọ́jọ́ kìn-ín-ní. Èmi tí n kì í gé táìlì kan láìwọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì, mo fi oṣù mẹ́jọ kọ́ fèrè láìbéèrè ibi tí ẹni tó ń fọn ọ́n máa ń dúró sí bí a bá dé ojú títì.

Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, Sájẹ́ńtì kó wa lọ sí pápá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tó ń mọ búlọ́ọ̀kù, kí a lọ kọ́ ìrìn. Ó to àwọn kọ̀nẹ́ẹ̀tì síwájú, mẹ́ta mẹ́ta. Ọmọ mi wà ní àárín ìlà àkọ́kọ́. Mo gbé Erin, mo lọ dúró sí ẹ̀yìn rẹ̀.

“Ọ̀gá Táìlì, ibo lò ń lọ?”

“Ààyè mi, sà.”

“Ààyè rẹ wà lọ́hùn-ún.”

Mo wo ọ̀hún. Kò sí ẹnì kankan níbẹ̀. Ẹ̀yìn gbogbo wọn ni, lẹ́yìn tìróńbóònù, fèrè gígùn tí wọ́n ń fà, lẹ́yìn ìlù, níbi tí ìlà parí sí. Mo lọ dúró níbẹ̀, nítorí àwọn ọmọdé ń wò mí. Nígbà tí a sinmi, mo mú tépù jáde, mo wọn ilẹ̀ láti àtẹ́lẹsẹ̀ mi dé ibi tí ọmọ mi dúró sí. Ẹsẹ̀ bàtà mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Ní ọdún tó kọjá, ọwọ́ mi wà lára ìgbànú rẹ̀.

A tún bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Òkìtì búlọ́ọ̀kù kan wà ní igun pápá náà. Sájẹ́ńtì ní ká fi ṣe ráúńdàbáòtì. Ìlà àkọ́kọ́ yà, òkìtì náà bo ọmọ mi. N kò rí i mọ́. Ẹsẹ̀ mi yá. Ẹnu mi náà yá. Ọmọ tó ń lu ìlù ńlá níwájú mi kò tíì pé ọdún mẹ́rìnlá, ó sì ti gbà lọ́kàn pé àgbàlagbà tó wà lẹ́yìn òun kò lè ṣìnà. Ló bá yára tẹ̀lé mi. Bí ìlù ṣe yára, gbogbo ìlà yára. Kí n tó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, a ti ń sáré. Tìróńbóònù kan gbá fìlà kúrò lórí ẹnì kan, ọmọ méjì wó lu ara wọn.

“Ọ̀gá Táìlì!” Sájẹ́ńtì pè láti iwájú. “Ta ló ń lé ọ?”

Wọ́n rẹ́rìn-ín dọ́ba. Ó ní kí wọ́n lọ mu omi, ó wá sọ́dọ̀ mi, ohùn rẹ̀ sì ti rẹlẹ̀ gan-an.

“Mo mọ ohun tó gbé ọ wá. Láti ọjọ́ tí mo wo eyín rẹ ni mo ti mọ̀.”

“Ẹ gbé mi lọ síwájú, sà. Ẹ jọ̀ọ́.”

“Bí mo bá gbé ohùn yìí síwájú, àwọn tó wà lẹ́yìn kò ní gbọ́ ọ, mọ́tò á bò ó. Ẹ̀yìn ni ti fèrè ńlá, kó lè máa ti ẹsẹ̀ gbogbo wọn lọ. Gbọ́ ohun tí mo fẹ́ sọ. Bó o bá sáré lọ́jọ́ yẹn, wọ́n á sáré. Ta ni yóò kọ́kọ́ dé ojú títì? Ìlà àkọ́kọ́ ni. Ìwọ lo máa ti ọmọ rẹ sójú mọ́tò láti ẹ̀yìn, láìfọwọ́ kàn án.”

Ó fọwọ́ gbá mi léjìká tí kò sí fèrè lórí rẹ̀, ó lọ.

Nílé, mo sọ fún ìyàwó mi pé ó tó, a kò lọ mọ́, àti èmi àti ọmọ.

“Kí ló dé?” ló wí. “Oṣù mẹ́jọ gbáko lo fi dá gbogbo àdúgbò lágara. Ẹni tó lóyún lọ́jọ́ tó o bẹ̀rẹ̀ ti fẹ́ẹ̀ bí.”

“Ẹ̀yìn ni wọ́n fi mí sí. N kò ní rí i.”

Ọmọ náà wà níbẹ̀, ó ń fi aṣọ nu kọ̀nẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Kò gbé ojú sókè. “Dádì, èmi náà ò kí ń rí yín,” ló sọ. “Mo ṣáà ń gbọ́ yín.” Lẹ́yìn náà ló bi ìyá rẹ̀ bóyá ẹ̀wà ti jinná.

Mo ronú sí i ní ọjọ́ méjì. Mo tún wọ̀n ọ́n. Bí ìlà àkọ́kọ́ bá yà ní ráúńdàbáòtì, títí tí èmi náà á fi dé ibi tí wọ́n ti yà, ìṣísẹ̀ mẹ́rìndínlógún ni. Ìwọ̀n ìgbà tí n kò ní rí i kò ju ìyẹn lọ. Ní Lakowe, a ti parí pálọ̀ ilé náà, táìlì ọlọ́gọ́ta sẹ̀ǹtímítà ni mo lẹ̀ sí i, ìṣísẹ̀ kan sì ni táìlì kan. Ní gbogbo ọ̀sán fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mo rìn lórí rẹ̀ láti ògiri dé ògiri, mo fi ìdí ẹnu fèrè sẹ́nu, mo ń gbọn ètè, táìlì kan, dò, táìlì kan, dákẹ́. Bí mo bá ti yára, àtẹ́lẹsẹ̀ mi á gun àlàfo àárín táìlì, n ó mọ̀. N ó padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Àwọn lébìrà kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ọmọ Ìsẹ́yìn yẹn jókòó sójú fèrèsé lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ń wo ẹsẹ̀ mi. “Ẹ ti yára jù díẹ̀ níbẹ̀ yẹn o, ọ̀gá,” ló sọ. Òótọ́ ló sọ.

Ọjọ́ náà pé. Òòrùn mú. Àwọn ọkùnrin ìjọ mú àsíá pupa dání lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, wọ́n ń dá mọ́tò dúró. Mo wà lẹ́yìn, èmi nìkan, Erin ń sun mí léjìká bí abọ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé kúrò lórí iná. A gba ọ̀nà Addo jáde láìsí wàhálà. Mo ń rí ẹ̀yìn fìlà ọmọ mi láàárín orí àwọn tó kù, bó ṣe ń yọ, tó ń pamọ́, tó ń yọ.

A dé ráúńdàbáòtì. Ìlà àkọ́kọ́ yà. Bọ́ọ̀sì kan tí wọ́n ti dá dúró bo gbogbo wọn mọ́ mi lójú. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà.

Mo ka ọ̀kan dé mẹ́jọ, ó dára. Ní ìkẹsàn-án, tírélà kan fọn fèrè tirẹ̀ ní ìhà ọ̀hún, ibi tí àwọn ọmọ náà ti yà sí. Kì í ṣe èyí tí awakọ̀ máa ń fi kíni. Ó gùn, kò dáwọ́ dúró, mo sì gbọ́ bí bíréèkì ṣe ń han lábẹ́ rẹ̀. Ọmọ onílù bojú wẹ̀yìn, ó wò mí tààrà, ọ̀pá ìlù rẹ̀ ṣì wà lókè. Ó ń dúró kí n sọ ohun tí a ó ṣe.

Mo fi ẹsẹ̀ sílẹ̀ síbi tí táìlì kẹwàá yẹ kó wà. Mo fọn dò. Ọ̀pá ìlù náà sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Mo dákẹ́ fún ibi tí dákẹ́ wà. Mọ́kànlá. Méjìlá. N kò tíì mọ̀ láyé mi pé ìṣísẹ̀ kan lè gùn tó bẹ́ẹ̀. Mẹ́tàlá, sọ̀. Mẹ́rìnlá. Orin àwọn kọ̀nẹ́ẹ̀tì ń dún, n kò sì lè mọ iye wọn tó ṣì ń dún, bóyá mẹ́ta ni, bóyá méjì.

Ní ìkẹrìndínlógún, mo yà.

Tírélà náà ti dúró. Imú rẹ̀ kò ju apá méjì lọ sí àwọn ọmọ náà, eruku ṣì ń rọ̀ kalẹ̀ níwájú rẹ̀, awakọ̀ ti yọ orí síta, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé orí. Ìlà wa ń kọjá níwájú rẹ̀, mẹ́ta mẹ́ta, kò yára, kò fà. Fìlà ọmọ mi ti kọjá ibẹ̀ dáadáa, ó ń yọ, ó ń pamọ́.

Sájẹ́ńtì, tó ń fẹ̀yìn rìn níwájú wọn kó lè máa wò wọ́n, ló ròyìn fún mi nígbà tí a padà dé ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ní nígbà tí tírélà náà dún, àwọn ọmọ méjì tó wà lọ́tùn-ún lósì ọmọ mi ti gbé ẹsẹ̀ láti sá, ọ̀kan ti kọjú sí àárín títì gan-an. “Tìrẹ kò yẹsẹ̀,” ló wí. “Wọ́n wo ẹsẹ̀ rẹ̀, wọ́n sì gbé tiwọn padà. Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ni mo fi bá àgbàlagbà rin ìwọ́de. Mo mọ àwọn tí ì bá ti sá nínú wọn.” Ó ṣí fìlà, ó lọ bọ ọmọ náà lọ́wọ́ bí ẹni tó ń kí ọ̀gá.

Èmi dúró títí tí wọ́n fi tú ká. Mo bá ọmọ mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga, ó ń da omi sórí ọrùn.

“Ẹ̀rù ò bà ọ́?”

“Ó bà mí gan-an, Dádì.” Ó nu ojú. “Ṣùgbọ́n mo gbọ́ yín, ẹ ò sáré. Mo ní ó dájú pé ẹ ti wò ó, ẹ sì mọ̀ pé kò sí nǹkan.”

Bọ́ọ̀sì ló wà lójú mi, n kò rí nǹkan kan. N kò sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Mo ní kó rọra da omi náà, kó má bàa wọ fèrè rẹ̀, mo sì lọ bọ́ Erin kúrò lọ́rùn.